Àgbàrá ni tàbí agbára? Ibi tí crossword Yorùbá ti ń kọsẹ̀

Àlọ́ o! Àlọ̀! Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Ọmọ tó bá ti gbọ́ àlọ́ rí kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn pé àgbàrá ni. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àlọ́ náà tilẹ̀ tún dùn ju ti ibòmíràn lọ, nítorí pé lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹgbẹ́ tàbí ẹlẹ́ṣin tó máa gba ibẹ̀ kọjá láì júbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé àlọ́ kan náà sínú crossword, eré ọ̀rọ̀ inú àpótí kéékèèké tó máa ń wà nínú ìwé ìròyìn, ká sì kọ ìdáhùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ti Òyìnbó, láì sí àmì kankan lórí: AGBARA. Àgbàrá òjò ni, àbí agbára? Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè sọ pé agbára náà kì í kí ọba.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà lásán fún àwọn tó wà ní Ìjagun, létí Ìjẹ̀bú-Òde níbẹ̀. Ìjagun ni yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi sọrí olóògbé Táí Ṣólàárín wà, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di yunifásítì ní ọdún 2005, tí ìjọba àpapọ̀ sì gbà lọ́wọ́ wọn ní ọdún 2025. Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ sí kíláàsì lọ́la, tó fẹ́ fi crossword kọ́ àwọn ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé àmọ́ tí wọn kò lè kọ ọ́, ibi AGBARA yìí ni yóò ti kọ́kọ́ kọsẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn New York World lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1913. Ní 1924, ìwé ìròyìn New York Times bẹnu àtẹ́ lù ú pé ìfàkókòṣòfò ni, àmọ́ nígbà tó di 1942, òun náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Lónìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á yanjú crossword ọjọ́ náà tán, wọ́n á sì dá a lẹ́jọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń dá orin tàbí fíìmù lẹ́jọ́. Wọ́n á wò ó bóyá kókó tí ẹni tó hun ún mú dání dúró délẹ̀, tàbí ó kàn gbé ọ̀rọ̀ tí kò bá kókó mu wọlé nítorí pé iye lẹ́tà rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Èyí tó máa ń bí wọn nínú jù ni kí orúkọ méjì tí èèyàn kò gbọ́ rí pàdé nínú àpótí kan, tó fi jẹ́ pé ìkan kò lè ran ìkejì lọ́wọ́.

Orúkọ tiwa náà wà nínú eré wọn. Sade, olórin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Helen Fọláṣadé Adú, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1959, máa ń yọjú níbẹ̀ dáadáa, nítorí pé orúkọ rẹ̀ kúrú, fáwẹ́ẹ̀lì sì wà nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún fi ń kọ "Ibo" fún àwọn Igbo, tí lẹ́tà wọn gan-an sì dàwátì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi Ojúde Ọba ṣe kókó tiwa. Awùjalẹ̀ ni yóò wà láàárín, àpótí méje. Agbádá yóò wà níbẹ̀, ẹṣin, ìlù, gèlè. Balógun náà kò ṣeé fi sílẹ̀, nítorí pé ìtàn so ìbẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún náà mọ́ Balógun Kúkù. Ọmọ Ìjẹ̀bú á kọ Kúkù láìronú. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ lè má mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ mìíràn dábùú rẹ̀.

Àpótí mélòó ni agbádá? Ẹni tó bá ya g sọ́tọ̀ kúrò lára b yóò ní mẹ́fà. Irọ́ ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb nínú lẹ́tà 25 tí Yorùbá ní, àpótí kan ló sì tọ́ sí i, nítorí náà, márùn-ún ni.

Ti àmì ohùn ló wá le jù. Nínú crossword àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí àpótí dúdú pọ̀ nínú rẹ̀, ibi lẹ́tà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún ni ọ̀rọ̀ ìbú àti ti òòró sábà máa ń pàdé. Ẹ wo Awùjalẹ̀, agbádá àti ìlù: fáwẹ́ẹ̀lì ló wà ní gbogbo ibẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ orúkọ wa ṣe rí. Fáwẹ́ẹ̀lì nìkan, nígbà náà, ni ọ̀rọ̀ kan máa fi ran èkejì lọ́wọ́. Méje péré ni wọ́n, láì ka àwọn aránmúpè. Bí wọ́n bá yọ àmì abẹ́ lẹ́tà, ó ku márùn-ún. Bí àmì ohùn mẹ́ta bá wà lórí wọn, wọ́n di 21, olùyanjú á sì rí nǹkan dì mú.

Àwọn kan á ní ìwé ìròyìn Yorùbá púpọ̀ kì í fi gbogbo àmì sí i, síbẹ̀ à ń kà á. Òótọ́ ni, àmọ́ gbólóhùn ló ń gbà wá sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé àgbẹ̀ gbé oko kọ́ èjìká, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé ọkọ́ ni. Inú crossword kò ní gbólóhùn. O, K, O nínú àpótí mẹ́ta lè jẹ́ oko, òkò, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ tàbí ọ̀kọ̀.

Ẹni tó bá sì fi àmì sí i yóò rí i pé èdè náà ní òfin tirẹ̀. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ orúkọ kì í fi fáwẹ́ẹ̀lì olóhùn òkè bẹ̀rẹ̀. Á tó gbẹ̀yìn agbádá, kò sí ọ̀rọ̀ orúkọ tó lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àgbàrá àti agbádá ti àpótí kìíní já síra, kò ṣeé ṣe, nítorí pé à kì í ṣe a. Wọ́n lè pàdé lórí gb. Wọ́n sì lè pàdé ní ìsàlẹ̀ àgbàrá, níbi tí á rẹ̀ ti bá ọ̀kan nínú á méjèèjì tó wà lára agbádá mu.