Eton Mess: Bí Ẹyin, Kíríìmù àti Sìtíróbẹ́rì Ṣe Ń Jókòó Pọ̀

Nínú oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, tí sìtíróbẹ́rì bá ti pọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọjà tí èèyàn máa yà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò ní bá a níbẹ̀. Inú ike pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń tò ó sí, pupa fòò, òórùn rẹ̀ á sì ti gba imú èèyàn kó tó dé ìdí àtẹ. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń jẹ ohun tí wọ́n ń pè ní Eton mess. Ohun mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: sìtíróbẹ́rì, kíríìmù tí wọ́n lù títí ó fi ki, àti meringue. Funfun ẹyin àti ṣúgà ni meringue. Wọ́n á pò ó títí á fi hó bí ọṣẹ, wọ́n á wá fi iná jẹ́jẹ́ yan án títí á fi gbẹ, tí á máa rún wómúwómú lẹ́nu.

Ìlú kékeré kan ni Eton, létí odò Thames, òdìkejì Windsor tí ààfin ọba wà. Ibẹ̀ ni Ọba Henry Kẹfà dá ilé ẹ̀kọ́ Eton College sílẹ̀ sí ní ọdún 1440, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n sì fi sọ oúnjẹ náà lórúkọ. Mess lédè wọn lè jẹ́ rúdurùdu, bóyá torí ṣe ni wọ́n máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n á rò ó. Orúkọ yìí ti wà láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì máa ń gbé oúnjẹ náà kalẹ̀ níbi eré kíríkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ Eton ń bá àwọn ọmọ Harrow gbá ní pápá Lord's. Àwọn kan máa ń sọ pé ajá ló jókòó lé oúnjẹ aládùn mọ́lẹ̀ níbi àríyá kan, pé bó ṣe di rúdurùdu nìyẹn. Èmi ò gba ìtàn yẹn gbọ́. Ní àwọn ọdún 1930, ní ìsọ̀ ìpápánu ilé ẹ̀kọ́ náà, sìtíróbẹ́rì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pò mọ́ kíríìmù tàbí áásìkiriìmù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni meringue dé. Ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn ṣe pàtàkì fún àwa tá a wà nílé, màá padà sórí ẹ̀.

Èmi kì í da tèmi pọ̀. Inú ife onígíláàsì ni mo máa ń tò ó sí, ìpele lórí ìpele. Ó dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ju ẹwà lọ: omi. Gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú oúnjẹ yìí, láti orí fífọ́ ẹyin dé orí gbígbé e síwájú àlejò, ọ̀rọ̀ omi ni. Meringue ò fẹ́ omi rárá, èso kún fún omi, kíríìmù sì wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ojú mi rí i lọ́dún kan ní Èkó. Oṣù Keje ni, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Mo yan meringue mi, ó gbẹ dáadáa, bí mo ṣe ń fi èékánná kàn án ló ń ró kó-kó-kó. Mo kó o sórí tábìlì, mo fi aṣọ mímọ́ bò ó, mo lọ sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tí mo mú ọ̀kan, ó lẹ̀ mọ́ mi níka bíi gọ́ọ̀mù. Omi ṣúgà aláwọ̀ oyin ti sun jáde lára ẹ̀, ó ń kán tó-tó bí òógùn. N kò tíì da kíríìmù kankan lé e lórí o. Afẹ́fẹ́ yàrá nìkan ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣúgà ló máa ń fa omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí iyọ̀ inú àwo ṣe máa ń yọ omi lásìkò òjò. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gbé meringue kúrò nínú ààrò tó sì ti tutù, inú agolo tó ní ìdérí tó dé pinpin ló ń lọ lójú ẹsẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láìṣe nǹkan kan.

Ẹyin mẹ́ta tó fún èèyàn mẹ́fà. Ìgbà tí ẹyin ṣì tutù láti inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ ya funfun kúrò lára pupa, torí pupa kì í tètè bẹ́ nígbà yẹn. Inú ife kékeré ni kẹ́ ẹ ti máa yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó dà wọ́n sínú abọ́ ńlá. Bí ọ̀kan bá bẹ́, òun nìkan lẹ máa pàdánù. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí funfun náà wà níta fún ìdajì wákàtí kí òtútù ara rẹ̀ lọ, á lè hó dáadáa.

Kí ló ń jẹ́ kó hó? Tẹ́ ẹ bá pín funfun ẹyin sọ́nà mẹ́wàá, bí ìdá mẹ́sàn-án ló jẹ́ omi. Pùròtéènì ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Ẹ fojú inú wo pùròtéènì yẹn bí òwú tí wọ́n ká róbótó. Pípò tí à ń pò ó ló ń tú òwú náà, bó sì ṣe ń tú ló ń so kọ́ra, tó ń di àwọ̀n tó yí afẹ́fẹ́ ká. Ọ̀rá ni kì í jẹ́ kí àwọ̀n yẹn so. Pupa ẹyin ní ọ̀rá, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀ fi lè ba odindi abọ́ jẹ́. Abọ́ ike tá a ti fi bu ọbẹ̀ rí náà, bá a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọ̀rá kì í kúrò lára ẹ̀ bọ̀rọ̀. Abọ́ onírin tàbí onígíláàsì ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ la ọsàn wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ fi nu inú ẹ̀ yíká. Ọsàn á gé ọ̀rá. Kíkan tó wà nínú ẹ̀ á sì tún mú kí ìhó ẹyin náà dúró, kó má tètè ya omi.

Ẹni tó bá ti fi ìjábẹ̀ ja ewédú rí ti mọ bí ọwọ́ ṣe ń lọ nínú iṣẹ́ yìí. Kí àwọn ará Yúróòpù tó ní ìpoyin onírin, ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dì pọ̀ ni wọ́n fi ń lu ẹyin. Ìjábẹ̀ náà nìyẹn. Lónìí, ẹ̀rọ ìpokéèkì á ṣe é tán láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹyin kan, ṣúgà gíráàmù 55. Ẹyin mẹ́ta, 165. Ṣúgà oníhóró wẹ́wẹ́ ló dára. Bí èyí tó wà nílé bá rí gbàǹgbà, ẹ lọ̀ ọ́ nínú blẹ́ńdà fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Ẹ má tíì da ṣúgà sí i o, àfi tí ìhó ẹyin bá ti funfun, tó sì ń yọ ṣóńṣó rírọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá gbé ìpoyin sókè. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá máa dà á sí i, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ yòrò kẹ́ ẹ tó da òmíràn. Àwọn tí kò ní sùúrù níbí ni meringue wọn máa ń sun omi. Ẹ fi ìka méjì mú díẹ̀ nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ fi rára. Bó bá ń ta yín lọ́wọ́ bí iyanrìn, ṣúgà ò tíì yòrò, ẹ máa pò ó lọ. Bó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òrí, tó ń dán, tẹ́ ẹ sì da ojú abọ́ dé tí kò mì, ó ti tó.

Ẹ fi ṣíbí bù ú sórí bébà ìyankéèkì ní òkìtì kéékèèké. Kí ààrò ìyankéèkì gbóná dé ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pa iná, ẹ má ṣí i, kó tutù sínú ibẹ̀. Gbígbẹ là ń gbẹ ẹ́. Bó bá ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iná ti pọ̀ jù. Bó bá sán, kò sí wàhálà kankan, rírún la máa rún un, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tí kò yan meringue rí pé ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń tà á ní yíyan, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Sìtíróbẹ́rì gíráàmù 500 ló tó. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gé orí ewé rẹ̀ kúrò, torí bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gé e, á mu omi. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ wọ́n ṣúgà ṣíbí ńlá kan lé e, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣúgà á fa omi jáde lára ẹ̀, ẹ ó sì rí omi pupa tó dùn nísàlẹ̀ abọ́. Ẹ sẹ́ omi yẹn sọ́tọ̀, ẹ má dà á nù.

Nílé wa, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Jọ́ọ̀sì ń gbin sìtíróbẹ́rì, torí ibẹ̀ ga, ó sì tutù. Ṣùgbọ́n kì í tọ́jọ́ lójú ọ̀nà, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ibi tí mo ní màá padà sí nìyí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, tẹ́ ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ra kó má dúdú, bá oúnjẹ yìí mu, Eton fúnra ẹ̀ sì ti fi ṣe é rí. Máńgòrò náà dára gan-an. Ọ̀pẹ̀yìnbó tútù ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí èròjà kan wà nínú ẹ̀ tó ń ge pùròtéènì wàrà, bó bá sì pẹ́ díẹ̀ lára kíríìmù, á sọ ọ́ di kíkorò.

Kíríìmù ńkọ́? Mìlílítà 300. Wàrà agolo tá à ń dà sí tíì kò lè ṣe é, ẹ má dán an wò. Ọ̀rá inú ẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, èyí tó máa ki gbọ́dọ̀ ní tó ọgbọ̀n ó kéré tán. Ọ̀rá tó ba ẹyin jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ló ń gbé kíríìmù dúró: wóró ọ̀rá kéékèèké ló ń lẹ̀ mọ́ra yí afẹ́fẹ́ ká. Ó gbọ́dọ̀ tutù kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí bó bá gbóná, ọ̀rá á yọ́. Nínú oòrùn tiwa, ẹ ki abọ́ àti ìpoyin sínú fíríìsà fún ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó bá ṣì rọ̀, tó ń ṣubú láti orí ṣíbí ní wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú kan sí i, á di ṣákiṣàki. Ìṣẹ́jú méjì, bọ́tà ti dé. Ẹ má fi ṣúgà sí i, ti meringue ti tó.

Tí àlejò bá ti jẹun tán, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá tò ó. Sìtíróbẹ́rì nísàlẹ̀, kíríìmù lé e, meringue tẹ́ ẹ fọwọ́ rún lé kíríìmù. Kíríìmù ni kò ní jẹ́ kí omi èso tètè kan meringue. Ẹ tún un tò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí meringue gbẹ̀yìn lókè, kẹ́ ẹ wá fi ṣíbí ta omi pupa tẹ́ ẹ sẹ́ sọ́tọ̀ sí i lórí. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yẹ kó ti wà lẹ́nu. Ìpele ìsàlẹ̀ á ti máa rọ̀ díẹ̀ bíi ṣúgà tó fẹ́ yọ́, ti òkè á ṣì máa ró wómúwómú, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn rẹ̀ wà.

Bó bá ṣẹ́kù, fíríìjì kò lè gbà á là. Ní wákàtí díẹ̀, omi ti jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dà á sínú abọ́ kékeré, ẹ gbé e sínú fíríìsà mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, bí áásìkiriìmù lẹ ó ṣe máa gé e jẹ.