«Háàfù Kọ́rẹ́ǹtì»: Ìtaari, Ìṣàn, Ìdènà àti Agbára Iná Mànàmáná nínú Ìṣirò àti nínú Èdè

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan náà, iná, ni Yorùbá ń lò fún iná igi, fún ìmọ́lẹ̀ àti fún iná mànàmáná. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti àwọn ìlú Èkìtì yòókù, uná ni ó ń jẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀. Nígbà tí gílóòbù bá ń pọ́n dípò kí ó funfun, tí fáànù sì ń yí díẹ̀díẹ̀, ará ilé á ní iná kò lágbára, tàbí kí ó ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n mú wá. Gbólóhùn méjèèjì yé olùgbọ́. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra ni wọ́n dì mọ́ra, ìṣirò kò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé a tú wọn sílẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí.

Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin

Táǹkì omi tí a gbé sórí òpó lè là á yéni. Bí táǹkì bá ṣe ga tó ni omi yóò ṣe tì tó nínú páìpù: èyí jọ fólítéèjì, tí a pè ní ìtaari níhìn-ín. Omi tí ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan jọ kọ́rẹ́ǹtì, èyí ni ìṣàn. Híhá páìpù jọ ìdènà. Iṣẹ́ tí omi náà lè ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni agbára. Volt ni a fi ń wọn ìtaari, ampere ni ti ìṣàn, ohm ni ti ìdènà, watt sì ni ti agbára. Orúkọ ènìyàn ni gbogbo wọn: Volta ará Ítálì, Ampère ará Faransé, Ohm ará Jámánì àti Watt ará Sìkọ́tíláǹdì. Ní 1827 ni Georg Simon Ohm tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí ìtaari, ìṣàn àti ìdènà ṣe so mọ́ra.

Ìṣirò

Bí a bá ti mọ ìtaari àti ìṣàn, a ti rí méjì yòókù. Fi ìṣàn pín ìtaari, ìdènà ni ìdáhùn. Sọ ìtaari di ìlọ́po ìṣàn, agbára ni ìdáhùn.

Ìdènà = ìtaari ÷ ìṣàn
Agbára = ìtaari × ìṣàn

230 volt ni ìtaari tí ó yẹ kí ó dé ilé ní Nàìjíríà. Bí kẹ́tùlù oníná kan bá ń fa 10 ampere lórí rẹ̀, ìdènà rẹ̀ jẹ́ 230 ÷ 10, èyí ni 23 ohm. Agbára rẹ̀ jẹ́ 230 × 10, èyí ni 2,300 watt.

Kí ni háàfù kọ́rẹ́ǹtì?

Jẹ́ kí ìtaari wálẹ̀ di ìdajì, 115 volt. Ìdènà kẹ́tùlù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, nítorí náà ìṣàn di 115 ÷ 23, èyí ni 5 ampere. Títí dé ibí, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ará ilé: kọ́rẹ́ǹtì ti di ìdajì. Ṣùgbọ́n agbára di 115 × 5, èyí ni 575 watt. Kì í ṣe ìdajì 2,300. Ìdámẹ́rin rẹ̀ ni, nítorí pé ìtaari àti ìṣàn jọ wálẹ̀ ni. Lítà omi kan tí ó ń gbóná láti 25°C dé 100°C ń fẹ́ nǹkan bí 315,000 joule. Bí a kò bá ka ooru tí ń sá lọ, 2,300 watt yóò hó o ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀. 575 watt yóò lo ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Níbo ni ìtaari ń lọ? Wáyà náà ní ìdènà tirẹ̀. Bí wáyà láti tiransifọ́mà dé ìparí àdúgbò, àlọ àti àbọ̀, bá ní ìdènà 0.5 ohm, tí àwọn ilé ibẹ̀ sì ń fa 60 ampere lápapọ̀, 60 × 0.5, èyí ni 30 volt, yóò ṣègbé lójú ọ̀nà. 230 di 200. Agbára tí ó sì ń di ooru lásán lára wáyà jẹ́ 30 × 60, èyí ni 1,800 watt. Ìdí nìyí tí ilé tí ó jìnnà sí tiransifọ́mà fi ń jìyà ju èyí tí ó súnmọ́ ọn, àti tí wáyà tín-ín-rín fi ń gbóná.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ń ṣe bíi kẹ́tùlù. Ìdènà gílóòbù onírin-tín-ín-rín ń pọ̀ sí i bí ó bá ṣe ń gbóná. Ẹ̀rọ fíríìjì léwu jù: bí ìtaari kò bá tó láti yí i, ó lè dúró gbagidi, kí ìṣàn inú rẹ̀ pọ̀ dípò kí ó dín, kí ó sì jóná. Sitabiláísà ń gba onílé là, ṣùgbọ́n kì í dá agbára sílẹ̀. Kí ó tó lè fún kẹ́tùlù yẹn ní 2,300 watt láti inú 115 volt, ó ní láti fa ó kéré tán 20 ampere lórí wáyà àdúgbò, ìtaari aládùúgbò yóò sì túbọ̀ wálẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 1970 ni ètò Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni òfin Ohm ti ń wáyé, níbi tí ètò náà kò dé. Olùkọ́ tí ó bá pe fólítéèjì ní agbára iná, tí ó tún pe watt ní agbára iná, ti fi orúkọ kan fún ohun méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò rò pé ìdajì ọ̀kan ni ìdajì èkejì, yóò sì gba òdo. Ó yẹ kí a fi agbára sílẹ̀ fún watt nìkan, kí fólítéèjì ní orúkọ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ìtaari tàbí òmíràn tí àwọn olùkọ́ bá fẹnu kò sí. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ti èdè lábẹ́ òrùlé kan, irú ìfẹnukò bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ará ilé lè máa wí pé háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Ó kàn yẹ kí ọmọ rẹ̀ lè ṣàlàyé fún un pé ìdámẹ́rin agbára ni ó kù.