Òjò Ti Ń Ṣú: Báwo Lẹ Ṣe Máa Tọ́jú Ọkọ̀ Onígbòkun Kékeré?

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé, ìwọ ará Abúlé Ẹ̀gbá, kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi? Omi tó sún mọ́ wa jù níbí náà ni èyí tó ń dúró sójú títì lẹ́yìn òjò. Àmọ́ ọ̀kan nínú yín fi voice note ránṣẹ́. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáwó ra ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan, àlòkù, onípákó, wọ́n sì gbé e sẹ́yìnkùlé ní Igando. Gbogbo owó tí wọ́n tù jọ ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n fẹ́ máa fi gbé àwọn tó fẹ́ ṣe fàájì lórí ọ̀sà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí la máa ṣe tí òjò ò fi ní jẹ ẹ́ tán?"

Tí ẹ bá wá a lórí Google, ìmọ̀ràn àwọn òyìnbó nípa ìgbà òtútù lẹ máa rí. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé omi tó há sínú ihò ọkọ̀ lè di yìnyín, torí omi tó bá dì máa ń fi nǹkan bíi 9% tóbi sí i, ó sì lè la ọkọ̀. Tiwa yàtọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá wa, láti oṣù kẹrin dé oṣù keje. Òjò á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwúwo bẹ̀rẹ̀. Ká ní inú ọkọ̀ náà fẹ̀ tó mítà mẹ́rin níbùú lóròó. Tí sẹ̀ǹtímítà 5 òjò bá rọ̀ sínú rẹ̀, lítà 200 nìyẹn, kílò 200. Àpò ìrẹsì mẹ́rin lẹ gbé kalẹ̀ sínú ọkọ̀ tó jókòó sórí táyà méjì! Ibi tí táyà ti kàn án ló máa kọ́kọ́ tẹ̀. Torí náà, tí ẹ bá lè dojú ọkọ̀ dé, ẹ dojú rẹ̀ dé sórí igi tó ga kúrò nílẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ yọ ìdérí ihò ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbé orí rẹ̀ sókè kí omi lè máa ṣàn jáde.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pákó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi ló ń mú pákó jẹrà. Kì í ṣe omi nìkan. Mọ̀lẹ́bí olú kan ló ń jẹ ẹ́, ó sì nílò ọ̀rinrin, ooru àti afẹ́fẹ́ pa pọ̀. Pákó tó rì pátápátá kò rí afẹ́fẹ́. Ẹ rántí ọkọ̀ Dufuna tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Yobe ní 1987: ó gùn ní mítà 8.4, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ilẹ̀ tó kún fún omi ló tọ́jú rẹ̀. (Ẹ má torí ẹ̀ lọ ri ọkọ̀ yín sínú ọ̀sà o. Kòkòrò kan wà nínú omi oníyọ̀ tó ń gbẹ́ inú igi títí á fi rí bí afárá oyin.)

Iyọ̀ tún máa ń dí olú yẹn lọ́wọ́, omi ọ̀sà wa sì máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò ò níyọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ń ṣe dáadáa lórí omi fi lè wá jẹrà lẹ́yìnkùlé.

Torí náà, ẹ má fi ọ̀rá wé e pinpin. Ohun tí mo máa ń rí jù nìyẹn, ó sì máa ń bí mi nínú, torí ńṣe lẹ ń fi ooru se ọkọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín. Ẹ fi òpó ìgbòkun ṣe àjà lórí rẹ̀, kí ẹ ta tapólì sórí òpó náà bí òrùlé, kí ẹ ṣí orí àti ìdí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹ so gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ìjì oṣù kẹrin kì í ṣeré, àgbàrá sì lè gbé ọkọ̀ òfìfo lọ.

Ìgbòkun ńkọ́? Àwọn tó ń wa yanrìn lórí ọ̀sà, tí ẹ máa ń rí láti orí Third Mainland Bridge, ń rán tapólì àti àpò pọ̀ ṣe tiwọn. Ti ọkọ̀ yìí, polyester ni. Kì í jẹrà, ṣùgbọ́n ó máa ń bu, oòrùn sì máa ń sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan òun àti okùn, torí iyọ̀ ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ẹ sá wọn gbẹ, kí ẹ gbé wọn wọlé síbi tí eku ò ti lè dé.

Nínú oṣù kẹjọ, ẹ ká tapólì kúrò, kí ẹ fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ tẹ pákó ìdí ọkọ̀ níbi mélòó kan, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó. Tó bá le, ẹ bò ó padà. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé bí ìka ṣe ń wọ ẹ̀bà, ẹ pe káfíńtà kí oṣù kẹsàn-án tó dé.