Títọpasẹ̀ Ohun Tó Ń Rìn Pẹ̀lú Kámẹ́rà Ìṣọ́ Tí A So Kọ́ra

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kámẹ́rà kan ṣoṣo kò lè ṣọ́ ìlú. Ibi tí ojú rẹ̀ mọ ni agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹni tí à ń ṣọ́ bá ti yà sí kọ̀rọ̀, ó bọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń so ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà kọ́ra lórí kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ Kámẹ́rà Kan
Àwòrán púpọ̀ tí ó ń tẹ̀lé ara wọn ni fídíò. Wọ́n lè tó 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ ya ènìyàn tàbí ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò mira, bí ògiri. Lẹ́yìn náà, yóò ṣírò ibi tí ó yẹ kí nǹkan náà wà nínú àwòrán tí ó kàn. Ọ̀nà ìṣirò tí Rudolf Kalman gbé jáde ní ọdún 1960 wà lára èyí tí a ń lò. Òun ni kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè sọ ẹni náà nù nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ìfàléni-lọ́wọ́ Láàrin Kámẹ́rà
Ibí ni iṣẹ́ ti le jù, nítorí àlàfo tí ojú kankan kò dé sábà máa ń wà láàrin kámẹ́rà méjì. Ohun mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni ìrísí: àwọ̀ aṣọ, ìdúró àti ẹrù ọwọ́. Èkejì ni àkókò: bí ìrìn ibẹ̀ bá ń gba ìṣẹ́jú méjì, ẹni tí ó yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kì í ṣe ẹni náà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí ó já sí ara wọn.

Lẹ́yìn ìkọlù bọ́ǹbù tí ó pa ènìyàn 52 ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2005, irú àmì báyìí ni àwọn ọlọ́pàá fi tọpasẹ̀ àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ó ṣe é, láti ibùdókọ̀ ojú irin Luton dé King's Cross. Ojú ènìyàn ni wọ́n fi wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ fídíò náà.

Àléébù Rẹ̀
Ìrísí a máa tan ni jẹ. Oòrùn àti iná inú ilé kì í fi àwọ̀ kan náà hàn. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ sì lè wọ aṣọ ilé-ìwé kan náà. Ká ní kọ̀ǹpútà ń gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ní ìfàléni-lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀marùn-ún, nǹkan bí 59 péré nínú 100 ni yóò ṣì jẹ́ ẹni tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti tó láti sọ ìrìn ẹlòmíràn di tirẹ̀.

Ojú pàápàá kò yanjú rẹ̀ tán. Ìwádìí tí àjọ NIST ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù Kejìlá, ọdún 2019 fi hàn pé púpọ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà tí ń fi ojú dá ènìyàn mọ̀ máa ń ṣi ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mú fún ẹlòmíràn ju ọmọ Ìlà-Oòrùn Yúróòpù lọ.

Ìgúnlẹ̀
Ohun tí kámẹ́rà ń sọ ni pé ẹni yìí jọ ẹni yẹn. Kò sọ pé òun ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìjọra àti ẹ̀rí ni ó yẹ kí olùkọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́, nítorí aláìṣẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀ bí a bá pa méjèèjì pọ̀.