Owó Èésú Ìyàwó Mi àti Kámẹ́rà Tí Kò Rí Ẹyẹ

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi kò ní dákẹ́ lórí ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo fẹ́ ra kámẹ́rà tí n ó máa fi ya fọ́tò ẹyẹ. Bí ìtìjú tilẹ̀ wà nínú ìtàn náà, ọgbọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú, owó ni mo sì fi ra ọgbọ́n ọ̀hún.

Tíṣà ni mí ní Abẹ́òkúta, ìyàwó mi sì ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo kíyè sí i pé àwọn ọmọkùnrin kì í jáde láìfi rọ́bà tí a fi ń ta òkò lu ẹyẹ sínú àpò ṣòkòtò wọn. Mo rò ó pé bí mo bá fi kámẹ́rà lé wọn lọ́wọ́, wọn yóò máa dọdẹ ẹyẹ láìpa á. Bí a ti dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n fóònù ọwọ́ wa kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Lékeléke tí a fi fóònù yà lẹ́yìn màlúù ní ìhà Lafẹ́nwá dà bí ègé bébà funfun tí afẹ́fẹ́ gbé sórí koríko.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èésú rẹ̀ nígbà náà. Aṣọ funfun tí wọn yóò rẹ láró ni ó fẹ́ fi owó náà rà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi yá mi. Mo gba ìlú mìíràn lọ. N kò ní dárúkọ ìlú náà tàbí ìsọ̀ náà. Lára páálí kámẹ́rà tí wọ́n gbé fún mi, a kọ "200X" gàdàgbà. Ọ̀gbẹ́ni tí ń tà á ní bí mo bá dúró lórí Olúmọ, n ó máa ka ìyẹ́ ẹyẹ tí ó wà ní òdìkejì odò Ògùn. Inú mi dùn bí ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́. Mo sanwó, mo gbé e wálé.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo kó ọmọ mẹ́fà lọ sí oko àjogúnbá wa ní ìhà Ọ̀dẹ̀dá, níbi tí igbó díẹ̀ ṣẹ́kù sí létí odò. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Lójijì, ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo ẹ̀gà pupa!" Lóòótọ́, ẹyẹ kan wà lórí igi gíga, ara rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ pupa bí osùn. Mo gbé kámẹ́rà, mo fà á dé òpin, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ náà dúró bí ìṣẹ́jú kan, ó sì fò lọ. Nígbà tí a wo fọ́tò náà, pupa àti dúdú ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn bí aṣọ tí aró rẹ̀ ń ṣí. A kò mọ ibi tí orí parí sí, a kò sì mọ ibi tí àyà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè sọ pé, "Kí ni ti ẹyẹ kan ṣoṣo?" Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìbátan ẹ̀gà ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Malimbe ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ̀yà kan wà nínú wọn tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé àfi ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà yìí. Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Malimbus ibadanensis. Ọ̀gbẹ́ni Elgood, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún aráyé ní 1958. Ó ti ṣọ̀wọ́n gidigidi nítorí igbó tí a ń gé. Ẹ̀yà mìíràn tí ó wọ́pọ̀ jù ú lọ sì jọ ọ́, nítorí orí àti ẹ̀yìn ọrùn òun náà pupa. Ṣùgbọ́n akọ ti Ìbàdàn pupa dé ọ̀fun àti àyà, nígbà tí ti èkejì dúdú níbẹ̀. Ọ̀fun yìí gan-an ni fọ́tò mi kò fi hàn. Títí di òní, n kò lè sọ èyí tí a rí nínú méjèèjì.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Ìbejì wo fọ́tò náà, ó sì wò mí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé owó èésú mi nìyí?" N kò rí èsì fọ̀. Ó tún ní, "Ní Ìtòkú, kò sí ẹni tí í ra àdìrẹ ní dídì. Wọn á tú u, wọn á gbé e síta sínú oòrùn, wọn á fi ìka tútù ra á wò bóyá yóò ṣí. Ṣé ẹ tú kámẹ́rà yín wò kí ẹ tó sanwó?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkọ́rọ̀! Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá bàbá ayàwòrán kan ní ìhà Sápọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó sì là mí lóye. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ àti nínú ìwádìí tèmi ni mo tò sísàlẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa já sí kòtò tí mo já sí.

Èkínní, ẹ bèèrè iṣẹ́ tí dígí ń ṣe. Oríṣi fífà méjì ni ó wà. Èyí tí wọ́n ń kọ "optical" sí, dígí ojú kámẹ́rà ni ó ń ṣe é; òun ni ó ń mú ẹyẹ súnmọ́ni ní tòótọ́. Èyí tí wọ́n ń kọ "digital" sí, ẹ̀rọ kàn ń gé àárín àwòrán, ó sì ń nà án ni. Bí ẹ bá na aṣọ ọ̀pá méjì títí, ṣé yóò di ọ̀pá mẹ́rin? Fífẹ́lẹ́ ni yóò fẹ́lẹ́. Nínà ni ó pọ̀ jù nínú "200X" tèmi. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé X kì í ṣe iye ìgbà tí kámẹ́rà fi ju ojú ènìyàn lọ. Iye ìgbà tí òpin dígí fi ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ ni. Kámẹ́rà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 24 tí ó parí sí 720 jẹ́ 30X. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 20 tí ó parí sí 600 jẹ́ 30X pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni yóò mú ẹyẹ súnmọ́ jù. Nítorí náà, òpin ni kí ẹ bèèrè.

Ẹ̀kejì, ẹ bèèrè bí ohun tí ó gba ipò fíìmù nínú rẹ̀ ti tóbi tó. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àpò, ó jẹ́ bíi mìlímítà 6.2 sí 4.6. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní inṣì kan, ó jẹ́ 13.2 sí 8.8, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́rin. Abọ́ ńlá ni yóò gba òjò ju ife lọ, nínú igbó àti ní ìdájí, ìmọ́lẹ̀ ni òjò tí à ń wá. Ṣùgbọ́n abọ́ ńlá ń fẹ́ dígí ńlá, nítorí náà kámẹ́rà àpò tí ó ní i kì í lè fà jìnnà púpọ̀. Panasonic TZ200 tí ó jáde ní 2018 ní abọ́ ńlá, ṣùgbọ́n 360 ni ó parí sí. Canon SX740 HS ti ọdún kan náà dé 960, ṣùgbọ́n ife ni tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wò ó bóyá ó ní ihò tí a ń fi ojú kan yọjú wò. Nínú oòrùn wa yìí, ojú gíláàsì tí ó wà lẹ́yìn kámẹ́rà a máa dúdú, ẹyẹ a sì pòórá. Bí ẹ bá gbé ihò náà mọ́ ojú, ọwọ́ yín yóò dúró pẹ̀lú. Canon tí mo dárúkọ yẹn kò ní ihò. Sony HX99, tí òun náà jáde ní 2018, ní i. Ó fà dé 720, kò sì wúwo tó gíráàmù 250.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe ojú kòkòrò. Nikon P950 tí ó jáde ní 2020 fà dé 2000, P1000 tí ó ṣáájú rẹ̀ sì dé 3000. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ wúwo tó kílò kan, ti èkejì tó kílò kan àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Kò sí àpò tí yóò gbà wọ́n. Bí a bá sì fà á jìnnà bẹ́ẹ̀, mímí lásán tó láti gbé ẹyẹ kúrò nínú fọ́tò. Kámẹ́rà yòówù kí ẹ ní, ẹ kọ́kọ́ rí ẹyẹ náà láìfà á, kí ẹ tó máa fà á díẹ̀díẹ̀. Fún ẹyẹ tí ó dúró, ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣẹ́ ní ìdá 500 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún èyí tí ń fò, ìdá 1000 tàbí kí ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣọ́ra fún ọyẹ́ àti ooru. Dígí tí ń yọ síta tí ń wọlé a máa fa eruku ọyẹ́ sínú, kò sì rọrùn láti nù. Ní ọ̀sán, ooru tí ń jáde lára àpáta Olúmọ àti lára páànù ilé a máa mú kí fọ́tò ohun tí ó jìnnà máa gbọ̀n bí omi. Kò sí owó tí ó lè ra èyí kúrò. Àárọ̀ kùtùkùtù ni ìgbà ẹyẹ.

Nígbà tí mo tún rówó díẹ̀, tòkunbọ̀ ni mo lọ rà, èmi àti Ìyá Ìbejì ni a sì jọ lọ. Ó ní kí ọmọ ìsọ̀ gbé kámẹ́rà náà bọ́ síta, kí ó ya pátákó ìsọ̀ kan tí ó wà ní ìparí òpópónà. Ó wo fọ́tò náà, ó ka nọ́ńbà tẹlifóònù tí ó wà lẹ́sẹ̀ pátákó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Èyí kò ṣí." Kámẹ́rà 30X oníhò ni. A sanwó.

Ẹ̀gà tí ń hunlé lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ yà. Ọmọ tí ó rí ẹ̀gà pupa lọ́jọ́ náà ka koríko tí ó wà lẹ́nu ẹyẹ náà fún mi, mẹ́ta ni. Rọ́bà rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kó o wá. Ní Sátidé, bí òjò kò bá rọ̀, a ń lọ sí ìhà Ọ̀dẹ̀dá ní ìdájí. A kò tíì tún rí ẹyẹ náà. Ṣùgbọ́n gbèsè èésú kù díẹ̀ kí n san án tán, bí ẹyẹ náà bá sì tún bà sórí igi, ọ̀fun rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tiyín, ẹ tú u wò kí ẹ tó sanwó. Ó dìgbà ó ṣe.