KÀNÁFÙRÙ INÚ TÍÌ WA: Ẹ JẸ́ KÍ A DÉ OKO RẸ̀ NÍ ZANZIBAR

Ìyá tí ó bá ra kànáfùrù ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin fún tíì ìṣínu, ohun tí ó ní ìtàn gígùn ni ó mú wọlé. Kànáfùrù kì í ṣe èso, òdòdó tí kò tíì tanná ni. Àwọn erékùṣù Maluku ní Indonéṣíà ni igi rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800 ni ó dé Zanzibar, ní etí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, èyí tí ó ti wà lára Tàǹsáníà láti ọdún 1964. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Mọ́sáláṣí kan wà ní Kizimkazi tí àkọlé ara rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 500 Hijira, èyíinì ni 1107.

Bí Ọlọ́hun bá gbà fún yín láti dé ibẹ̀, ẹ gba ọ̀nà oko Kizimbani àti Kidichi. Amọ̀nà yóò já ewé kan, yóò rún un lọ́wọ́, yóò ní kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá kò ní í kùnà. Ẹ óò mọ atalẹ̀, èyí tí Súrà Al-Insān dárúkọ mọ́ ohun mímu àwọn ará àlùjánnà. Ẹ óò rí bí a ti ń bó èèpo kinámónì lára igi, àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì nínú èso rẹ̀ tí awọ pupa wé mọ́ ọn. Ata dúdú ń gun igi gẹ́gẹ́ bí iyèré wa. Ìbátan ni àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kànáfùrù ni ọba wọn. Ó ń tó bí ọdún 6 sí 8 kí igi rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ọwọ́ ni a fi ń já a, lórí igi gíga, kí òdòdó náà tó là, nítorí bí ó bá là, iyì rẹ̀ ti dín kù. Lẹ́yìn náà ni a ó sá a sórí ẹní nínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ìjì ńlá ọdún 1872 wó ọ̀pọ̀ igi ní Unguja tí í ṣe erékùṣù ńlá. Láti ìgbà náà ni Pemba ti gba iwájú.

Àwọn ìyá àgbà a máa fi kànáfùrù sí eyín tí ń dùn wọ́n, àwọn oníṣègùn eyín pàápàá sì ń lo èròjà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi òróró rẹ̀ sí ọmọdé lẹ́nu. Ó lè pa á lára.

Ó yẹ kí a sọ èyí tí ó korò pẹ̀lú. Sayyid Said, ọba Oman, tí ó kó ààfin rẹ̀ wá sí Zanzibar ní nǹkan bí 1840, ni ìtàn sọ pé ó pàṣẹ kí olóko gbin kànáfùrù 3 fún igi àgbọn 1. Ta ni ó ro oko náà? Ẹrú ni, àwọn ènìyàn tí a jí kó láti òkè odò. Ọdún 1873 ni a ti ọjà ẹrú Zanzibar pa. Ó di 1897 kí òfin tó kọ ẹrú níní. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó wọn, bẹ́ẹ̀ ni Àlùkùránì ka dídá ẹrú sílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rere ńlá. Kí a má ṣe fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Kí ni ó kàn wá ní Mushin, ní Yaba, ní Surulere? Ó kàn wá gan-an. Ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń lọ ata wa, alábàárù tí ó ru ẹrù wa dé ibùdókọ̀, lágbàṣe tí ó tún ilé wa ṣe, ǹjẹ́ a sanwó wọn lásìkò? Ǹjẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ń jẹ nínú ohun tí ó sè? Ẹni tí ó bá jẹ wọ́n ní gbèsè, kí ó san án kí ó tó ṣínu lónìí. Tíì náà yóò sì dùn mọ́ ọn.