Eré Àánú Nínú Òjò: Ta Ni Yóò Mú Fèrè?

 

Nígbà ìpàdé ẹbí tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa ní lọ́jọ́ tí gbogbo ẹbí bá péjọ nínú oṣù Agẹmọ, àwọn fẹ́ sá eré ìje kìlómítà 10. Olúkúlùkù yóò wá àwọn tí yóò dáwó fún un, kí a fi owó náà tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ládùúgbò. Inú mi dùn sí i. Mo wá bi wọ́n pé, bí òjò bá dé ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn pé, "Bàbá, a máa sá a parí ni. Owó olówó ti wà lọ́wọ́ wa." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti sọ irú rẹ̀ rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Boston ló ń gbé, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1897 ni wọ́n ti ń sá eré kan níbẹ̀; lóde òní, láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Hopkinton ni wọ́n ti ń sá a wọ ìgboro Boston, kìlómítà 42 ó lé díẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá ló ń rí àyè, àmọ́ láti ọdún 1989 ni wọ́n ti ń fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní àyè tiwọn. Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn wọlé máa ṣèlérí iye tí yóò kó jọ. Owó ìtọ́jú àwọn aláìsàn ni ọmọ wa ń wá.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni. Òjò ń rọ̀, ẹ̀fúùfù ń lù wọ́n lójú, òtútù ọjọ́ náà ò sì jìnnà sí ti omi dídì. Ẹ má fi ọyẹ́ tiwa wé e o. Aṣọ tó tutù a máa fa ooru ara jáde, atẹ́gùn a sì gbé e lọ. Bí èèyàn bá ń sáré kíkan, ara rẹ̀ yóò máa mú ooru mìíràn wá. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ni ewu dé. Ẹ wá wò ó: àwọn tó ń sáré fún àánú ló ń gbéra kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í yá, àwọn ló wá ń pẹ́ jù nínú òjò. Àwọn tó mọ eré sá ti wẹ omi gbígbóná tán.

Ọmọ wa wọ ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí lé aṣọ. Nígbà tó rìn dé nǹkan bíi kìlómítà 30, ọwọ́ rẹ̀ ò lè já ọ̀rá súìtì mọ́. Nọ́ọ̀sì kan bi í ní orúkọ, ahọ́n rẹ̀ ń wọ́ bíi ti ọ̀mùtí. Wọ́n ní kó jókòó. Ó ní òun ò jókòó, owó àwọn èèyàn wà lọ́rùn òun. Nọ́ọ̀sì ní, "Ṣebí wọ́n ti dá a?" Wọ́n fi ìbora dì í bí ọmọ tuntun. Nínú àwọn bíi 27,000 tó sáré, àwọn tó lé ní 2,000 ni wọ́n tọ́jú. Ó sunkún títí fún mi lórí fóònù. Mo bi í pé, èló ni wọ́n gbà padà nínú owó náà? Ó ní kò sẹ́ni tó béèrè kọ́bọ̀.

Obìnrin tó gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà, Desiree Linden, ti fẹ́ dúró ní tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré ló ti sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Shalane Flanagan, pé ó ṣeé ṣe kóun má parí, pé bó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kó wí. Nígbà tí Flanagan yà sí ilé ìyàgbẹ́, Linden dẹ ẹsẹ̀ dè é, ó sì bá a lé àwọn tó kù bá. Irú oore bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe kiri tó fi bá ara rẹ̀ níwájú. Láti ọdún 1985, obìnrin Amẹ́ríkà kan ò tíì gba ipò kìíní níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ á ní, "Bàbá, ẹ ò rí i, ó parí ẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lè dúró, ojú ò sì tì í. Àwọn ògbóǹtarìgì púpọ̀ ló dúró lọ́jọ́ náà.

Ní Ṣáínà, ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, èèyàn 172 gbéra eré orí òkè ní Gansu, ọ̀pọ̀ nínú aṣọ péńpé. Òjò, yìnyín àti ìjì ká wọn mọ́ òkè. Èèyàn 21 ló kú. Darandaran kan tó ń jẹ́ Zhu Keming ló kó mẹ́fà wọ inú ihò kan, ó dáná fún wọn.

Òjò tiwa kì í dì, àmọ́ ó ní mànàmáná, àgbàrá a sì bo gọ́tà títí a ò fi ní mọ ibi tí títì parí sí. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ká sọ fún olùdáwó kó tó mú owó wá: bí a bá dá eré dúró ní kìlómítà 3, ti àwọn ọmọ náà lowó yẹn ṣì jẹ́. Kí fèrè sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò sáré, tí kò gba owó ẹnikẹ́ni. Bí àrá bá ti sán, kó fọn ún. Wọ́n ní èmi ni kí n mú un. Mo gbà.

Ẹni tó bá ní ìbora tàbí aṣọ òjò tó lè yá wa, kó fi ránṣẹ́ sí agbo ilé ṣáájú ọjọ́ náà, kó sì kọ orúkọ sí i lára. Àga márùn-ún ti ọdún tó kọjá, a ò tíì mọ ẹni tó ni wọ́n.